Ohun Tó Kù Lẹ́yìn Orin Kúáyà

Bàbá mi, ẹni jẹ́jẹ́,

Ẹ kú àtijọ́ o. Láti ọjọ́ tí a ti sin yín ni mo ti ń sọ pé màá kọ̀wé sí yín, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ mí, ẹnu mi yá ju ọwọ́ mi lọ. Ọ̀rọ̀ kan ló mú mi jókòó báyìí, n ò sì rí ẹlòmíràn tí mo lè sọ ọ́ fún.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wọ mọ́tò láti Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láti kó ẹrù inú yàrá yín, torí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kí ayálégbé wọ ibẹ̀. Rédíò yín ṣì wà lórí tábìlì, pẹ̀lú aṣọ tí ẹ fi ń bò ó. Kásẹ́ẹ̀tì kan wà nínú rẹ̀, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ "Kúáyà Àwọn Ọ̀dọ́" sí i lára.

Ṣé ẹ rántí ọdún tí mo di àtúnbí? Wọ́n ní ká kó gbogbo orin ayé tó wà nílé wa dànù. Èmi ò tilẹ̀ bi yín. Ìkòyí-Ilé lẹ ti ń ṣe tíṣà nígbà náà, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan lẹ ń wálé. Mo mú kásẹ́ẹ̀tì fèrè sasofóònù yín kan ṣoṣo, èyí tí òyìnbó tí ẹ jọ ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yọ́ fún yín nígbà tó ń padà sí Ìlú Ọba. Ẹ ti ṣẹ́ etí kékeré méjèèjì tó wà lókè rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà gba orin mìíràn sórí rẹ̀. Mo rún bébà, mo fi dí àwọn ihò náà, mo sì gba orin kúáyà wa lé e. Iṣẹ́ Ọlọ́run ni mo rò pé mo ń ṣe.

Nígbà tí ẹ dé lọ́jọ́ Ẹtì, tí ẹ tẹ̀ ẹ́, tí ẹ gbọ́ ohùn wa, ẹ wo rédíò, ẹ wò mí. Mo ti múra ìwàásù sílẹ̀ dè yín. Ẹ kàn bi mí pé èwo ni ohùn tèmi níbẹ̀.

Láti ìgbà náà, ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ẹ ó bó ọsàn kan, ẹ ó tẹ kásẹ́ẹ̀tì náà, ẹ ó sì di ọsàn mú láìmu ún. Mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé bàbá mi kì í jẹ nǹkan nígbà tí orin Ọlọ́run bá ń lọ lọ́wọ́. Bí a bá kọ orin ìkẹyìn tán, tí mo na ọwọ́ láti pa rédíò, ẹ ó ní, "Fi sílẹ̀. Jẹ́ kó parí." Èmi á bọ́ síta lọ bá àwọn ẹgbẹ́ mi, orí mi á máa wú.

Ìdí nìyẹn tí mo fi dúró lójú ìjọ lọ́jọ́ ìsìnkú yín, tí mo ní orin kúáyà wa lẹ fẹ́ràn jù láyé. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Bàbá, lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo tó jẹ́ kó parí. Mo tẹ̀ ẹ́, mo ń di ìwé yín sínú páálí, mo gbàgbé láti pa á. Orin wa tán, kò dé òpin téèpù. Ó dákẹ́ díẹ̀, ni sasofóònù bá bọ́ síta láàárín orin, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú balùwẹ̀. Kò pẹ́ ju ìgbà téèyàn fi ń mu ọsàn kan lọ, ni téèpù bá tán. Ìyókù yẹn lẹ ń dúró dè.

Mo ṣí ìwé orin yín. Bébà inú ilé kásẹ́ẹ̀tì náà, tí mo ti ya jù sí ààtàn, ló wà níbẹ̀. Ẹ ti fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Orúkọ ọkùnrin ará Ìlú Ọba tó fọn sasofóònù náà wà lára rẹ̀. Mo tẹ orúkọ náà sórí fóònù mi. Gbogbo orin jáàsì rẹ̀ ló wà níbẹ̀, títí kan èyí tí ẹ ò gbọ́ rí. Fóònù yìí kan náà ni mo fi máa ń fi fídíò ìwàásù hàn yín nígbà tí mo bá wá kí yín. N ò bi yín rí, ẹ̀ẹ̀kan péré, pé kí lẹ fẹ́ gbọ́.

Kí ló dé tí ẹ ò nà mí? Kí ló dé tí ẹ ò sọ? Mo ya alágídí nígbà náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná yẹn ti rọlẹ̀ tipẹ́, ẹ̀ bá sì ti sọ fún mi. Ṣé ẹ tilẹ̀ fẹ́ràn orin wa rárá, kódà díẹ̀? Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, tèmi sì pọ̀.

Mo ti gbé rédíò náà wá sílé mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Odindi orin yẹn wà lórí fóònù, ṣùgbọ́n n ò tíì lè gbọ́ ọ. Ó ń ṣe mí bí ẹni tó fẹ́ jẹun ṣáájú bàbá rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì yín ni mo tẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Mo bó ọsàn, mo dì í mú. Kúáyà kọrin, kọrin, kò tán bọ̀rọ̀, èmi gan-an ni mo sì ń pariwo jù níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo mọ bó ṣe pẹ́ tó. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ fi jókòó tì í, Bàbá, ẹ ò sì sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé kí n dákẹ́.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń dákẹ́.