Oògùn Ọmọdé Nínú Firísà Ẹja

Ejinrin,
Ọjọ́ Àlàmísì.

Rùkáyàt ọmọ mi, àsàlámù àléékúmù. Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Agric, ní Ìkòròdú lọ́hùn-ún? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé iṣẹ́ ń lọ dáadáa? Bí o bá béèrè wa, ara le, bàbá rẹ ń lọ sódò, ó ń bọ̀, àfi orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún, òun náà sì ti ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọlọ́run á pa ẹ̀yin náà mọ́ fún wa, wàhálà Ìkòròdú kò ní mọ ilé yín, ẹ ò ní fẹsẹ̀ ṣèṣe láàárín èrò. Àmín.

Mo mọ̀ pé wàá ní kí ló dé tí mi ò pè ọ́ lórí fóònù. Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù. Obìnrin kan wà nínú fóònù mi tó máa ń sọ fún mi pé ẹni tí mo ń pè kò sí nítòsí. Mi ò mọ̀ ọ́n, kò mọ̀ mí, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí gbogbo yín wà. Mi ò fẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìdílé wa, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé tí mo sì fi lé Bísíríyù tó ń wa mọ́tò lọ sí Ìkòròdú lọ́wọ́. Mo tún fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí o tó gbọ́ ọ lẹ́nu èrò ọjà.

Ọ̀rọ̀ náà kan firísà tí o rà fún mi. Firísà ò ṣẹ̀ o, èmi ni mo ṣẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kan wà tó ń jẹ́ Jamilah, láti Ẹ̀pẹ́ ló ti máa ń wá fún àwọn ọmọ ọwọ́ wa ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọmọ dáadáa ni, kì í kí àgbà lóòró. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó gbé oògùn wá lọ́sàn-án nínú kúlà kan, torí pé àárọ̀ ọjọ́ kejì ni àwọn ìyá ọmọ máa kó ara wọn jọ. Kò tíì jókòó dáadáa tí wọ́n fi wá pè é pé obìnrin kan ń rọbí ní abúlé kejì. Ó bá gbé kúlà náà sínú yàrá ẹja mi, ó ní ibẹ̀ tutù ju gbogbo ibi tó kù lọ. Ó ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i, kí èmi náà má sì ṣí i. Mo ní kó fọkàn balẹ̀.

Rùkáyàt, mo ṣí i. Mo kàn ní kí n wo bí yìnyín inú rẹ̀ ṣe rí ni, mo bá rí i pé ó ti ń làágùn, omi ti ń ṣàn lára rẹ̀. Àánú ọmọ náà ṣe mí. Mo ní ọmọ yìí kàwé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò mọ yìnyín. Ìwọ náà mọ̀ pé bí àwọn apẹja bá gbé ẹja wá fún mi pa mọ́, tí mo bá dá a padà fún wọn ní rírọ̀, wọ́n á ní mo ti ba ọjà àwọn jẹ́. Ẹni tí wọ́n bá gbé nǹkan tútù fún, kó jẹ́ kó dì gbagidi, iṣẹ́ tiwa nìyẹn. Mo bá kó àwọn ìgò kéékèèké náà jáde, mo fi ọ̀rá mẹ́ta wé wọn kí wọ́n má baà gba òórùn ẹja, mo tẹ́ wọn sáàárín ọ̀bọ̀kún àti ẹ̀pìà nísàlẹ̀ firísà, bí ẹni ń tẹ́ ọmọ sórí ẹní. Mo tún gbé yìnyín lé wọn lórí.

Kí n tó kírun àsùbáà mo kó wọn jáde, wọ́n ti le bí òkúta. Inú mi dùn débi pé mo ń dá rẹ́rìn-ín. Mo dá wọn padà sínú kúlà bí mo ṣe bá wọn, mo wá ń retí ìgbà tí Jamilah máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi níṣojú èrò. Nígbà tó fi máa dé, oòrùn ti mú, wọ́n ti yọ́, kò sí ẹni tó lè wò wọ́n kó mọ̀ pé wọ́n kúrò níbì kan.

Jamilah kì í fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ láì kọ́kọ́ ṣe wáàsí, òtútù ló sì fi ṣe wáàsí lọ́jọ́ yẹn. Ó ní ọ̀fìnkìn tí àwọn òyìnbó ń pè ní kóòdù, òtútù kọ́ ló ń fà á, kòkòrò tí ojú ò lè rí ni, ọwọ́ la fi ń gbé e ran ara wa. Mo mi orí, ṣùgbọ́n mi ò gbà, torí kòkòrò wo ló máa lúwẹ̀ẹ́ bá bàbá rẹ láàárín ọ̀sà láàárọ̀ kùtù? Ó ní bí ojú abẹ́rẹ́ bá wú, aṣọ tí a rì bọ omi tútù ni kí a fi lé e, kí a má fi omi gbígbóná jó ọmọ lára. Ó wá dé orí ohun tó pè ní kóòdù ṣéènì. Ó ní láti ibi tí wọ́n ti ṣe oògùn náà, nínú ọkọ̀ òfuurufú, dé Ìkẹjà, dé Ẹ̀pẹ́, dé ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, inú òtútù ni wọ́n ti ń gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́, bí ẹnì kan ṣoṣo bá ṣe é tì, iṣẹ́ gbogbo àwọn tó kù ti di asán. Mo tún ìborùn mi ṣe, torí mo mọ̀ pé ibi tí wọ́n ti máa dárúkọ mi la ti dé yẹn.

Ó wá ní oògùn yìí fẹ́ òtútù ṣùgbọ́n kò fẹ́ dídì. Ó ní bó bá ti dì pẹ́nrẹ́n, ó ti kú, bó tilẹ̀ yọ́ padà, omi lásán ni wọ́n ń gún mọ́ ọmọ lára, ìyá rẹ̀ á máa rò pé òun ti dáàbò bo ọmọ òun, ikọ́ líle á sì wá bá ọmọ náà nílé. Ó ní ìdí tí òun fi máa ń jẹ́ kí yìnyín làágùn kí òun tó kó o sínú kúlà nìyẹn.

Ọmọ mi, mo bá gbójú sókè. Mo wo ẹni tó wà níwájú pátápátá, Muslimah ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ Àlímì ni, ó ti ká aṣọ kúrò lórí itan Mujeeb. Ọmọ-ọmọ mi ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ gún. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá, Agnes ará Ọ̀ṣun tó ń ṣoko ní òdì kejì ọ̀sà wà láàárín wọn. Kí n sọ ọ́ fún ọ bó ṣe rí, mo kọ́kọ́ fẹ́ dákẹ́. Mo ní ta ló máa mọ̀? Láti ìgbà tí mo ti ń tọ́jú ẹja ẹlẹ́ja, kò sí ẹni tó sọ rí pé tòun bàjẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo wo abẹ́rẹ́, mo wo itan ọmọ yẹn, mo bá dìde.

Mo ní, "Jamilah, má tíì gún un. Inú firísà ẹja mi ni oògùn yẹn sùn."

Jamilah ò bú mi. Ó mú ìgò kan, ó mì ín, ó gbé e kalẹ̀, a jọ ń wò ó, nǹkan funfun kan ya sọ́tọ̀ nínú omi rẹ̀ ó sì ń rọ̀ lọ sísàlẹ̀. Ó ní ó ti bàjẹ́ lóòótọ́. Ó kó gbogbo rẹ̀ tì, ó kọ orúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀, ó ní kí wọ́n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn ìyá ọmọ kùn sí mi. Agnes ní ìyá àgbà ti sọ oògùn ọmọ ọlọ́mọ di ẹja dídì. Nígbà tí a délé, bàbá rẹ jẹ ẹ̀bà rẹ̀ tán láìwo ojú mi, ìyẹn dùn mí ju ti Agnes lọ.

Ní Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ yìí, Jamilah padà dé pẹ̀lú oògùn mìíràn, yàrá ẹja mi náà ló tún gbé kúlà lọ. Agnes wà níbẹ̀, ó wá ra nǹkan létí omi, ó bi í léèrè bóyá kò sí yàrá mìíràn ní gbogbo Ejinrin ni. Jamilah ní, "Yàrá pọ̀, màmá. Ọ̀dọ̀ ẹni tó máa sọ fún mi bó bá bàjẹ́ ni mo fẹ́ gbé e sí."

Rùkáyàt, mo wọlé lọ sunkún. Mi ò ṣí kúlà náà. Mo mọ̀ pé yìnyín inú rẹ̀ ń làágùn, ọwọ́ ń yún mi, mi ò fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ kejì Mujeeb gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀, ó ké débi pé wọ́n gbọ́ ọ létí omi, igbe náà sì dùn mọ́ mi.

Ó ku ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́. Àwọn tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá lẹ́ẹ̀mejì nítorí tèmi, mo ti ṣèlérí pé màá san owó ọkọ̀ ẹ̀ẹ̀kan padà fún wọn, ti Agnes náà wà níbẹ̀. Bí nǹkan bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi rán Bísíríyù sí mi. Má fi sí báǹkì, torí ìwé tí àwọn yẹn ní kí n kọ ọ̀rọ̀ sí, wọ́n ń bi mí nínú rẹ̀ pé ta ni ìbátan tí àwọn máa pè tí nǹkan bá ṣe mí, mo sì dá ìwé wọn padà láìkọ ọ́, mo ní mi ò tíì ṣe tán láti kú.

Kí Ọlọ́run tọ́jú rẹ, kó tọ́jú ọkọ rẹ. Ohun tí wọ́n bá fi sí ọ níkàáwọ́ kò ní bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Bó bá sì ṣèèṣì bàjẹ́, kí Ọlọ́run fún ọ lẹ́nu tí wàá fi sọ ọ́ kí abẹ́rẹ́ tó wọlé. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ṣẹ̀rífátù.