Ẹni Kẹrin Nínú Ẹgbẹ́ Tí A Kò Gbọdọ̀ Gbàdúrà Fún

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹsàn-án, 1982

Mo dé Osi lánàá. Ilé Ìyá Àgbà ni mo wọ̀ sí — ẹ̀gbọ́n màmá mi. Wọ́n ní mo ti rù jù. Wọ́n bi mí ní iṣẹ́ tí mo bá wá. Mo ní ìwádìí ni, fún yunifásítì: bí ọkàn èèyàn bá dàrú, tí kò lè sùn, tí kò lè jẹun, ṣé àdúrà àti Bíbélì ń wò ó sàn ju kí èèyàn kàn jókòó tì í, kí ó gbọ́ tẹnu rẹ̀? Wọ́n wò mí títí. "Ìbídùnní, ìyẹn náà wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ yín ní Ìlọrin?"

Ọjọ́rú, 8

Pásítọ̀ Ilésanmí ti bá mi kó èèyàn méjìlá jọ nínú ìjọ wọn. Ohùn-Jẹ́jẹ́ ni màá máa pe pásítọ̀ nínú ìwé yìí — tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, àfi kéèyàn na ọrùn kó tó gbọ́. Mẹ́fà lọ́dọ̀ wọn: Bíbélì, àdúrà, ìmọ̀ràn. Mẹ́fà lọ́dọ̀ mi: ọ̀rọ̀ nìkan. Àdúrà ò gbọdọ̀ wọ ọ̀dọ̀ mi, kódà "Ọlọ́run á ṣe é" ò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu mi. Òfin ọ̀gá mi ní Ìlọrin nìyẹn — Ọ̀gá Òṣùwọ̀n. Gbogbo wọn ti dáhùn ìbéèrè ogún. Bí máàkì bá ṣe pọ̀ tó ni ìdààmú ṣe pọ̀ tó. A ó tún bi wọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún.

Ètò náà mọ́ kedere. Ní báyìí ná.

Ọjọ́bọ̀, 9

Ẹni kẹrin lọ́dọ̀ mi: Damaris, ìyá Elijah. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Máàkì mẹ́tàdínlógún.

Oṣù Kẹta ni ọkọ rẹ̀ já bọ́ láti orí ọ̀pẹ. Igbà tí ó fi ń gùn ún ló já. Wọ́n ti jà láàárọ̀ ọjọ́ náà. "Mo ní kó máa lọ, kó má padà wálé mọ́. Kò sì padà." Láti ìgbà náà oorun ò kùn ún. Iṣu oko ọkọ rẹ̀, bí ó bá fi sẹ́nu, bí ẹni ń jẹ amọ̀ ni. Kò sunkún bí ó ṣe ń sọ ọ́. Èmi ni omi fẹ́ bọ́ lójú mi. Mo tẹjú mọ́ ìwé, mo kọ máàkì.

Ọjọ́ Àìkú, 12

Ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní ká gbàdúrà. Mo ka pákó àjà. Mọ́kànlélógójì.

Ọjọ́bọ̀, 23

Damaris dìde, ó fẹ́ máa lọ. Ó ní, "Àǹtí, ẹ bá mi gbàdúrà." Mo ní mi ò lè ṣe é. "Ẹ kì í ṣe Kìrìsìtẹ́nì ni?" Mo ní Kìrìsìtẹ́nì ni mí, iṣẹ́ ni kò gbà á. Ó wò mí bí ẹni tó tọrọ omi tí wọ́n ní kó kọ́kọ́ lọ mú ìwé wá. Ó so ìborùn rẹ̀. Kò kí mi pé ó dàbọ̀.

Irọ́ ni mo pa. Kì í ṣe iṣẹ́ nìkan.

Adégbóyèga — láti ọdún mẹ́fà, mi ò kọ orúkọ yẹn sílẹ̀ rí. Àbúrò mi. Nígbà tí orí rẹ̀ dàrú, a gbé e lọ sí ilé àdúrà kan, oṣù méje. Àwẹ̀, omi tútù, àdúrà. Èmi náà wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀. Ó padà wálé, ó dákẹ́ rọ́rọ́. A ní ara rẹ̀ ti yá, a dúpẹ́ nínú ìjọ. Ní ọjọ́ kẹsàn-án ó jáde láàárọ̀. Títí di òní.

Ṣé àdúrà ló bà á jẹ́? Àbí a ò gbà á tó? Ohun tí mo wá wádìí gan-an nìyẹn. Mi ò sọ fún Ọ̀gá Òṣùwọ̀n.

Ọjọ́bọ̀, 30

Damaris ò wá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 Oṣù Kẹwàá

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé.

Wọ́n ní Damaris ti jáde láti àárọ̀, kò sọ ibi tí ó ń lọ. Bí Adégbóyèga náà ṣe jáde nìyẹn. Ohùn-Jẹ́jẹ́ gba ọ̀nà Koro lọ, èmi gba ọ̀nà oko ọkọ rẹ̀. Ìdí ọ̀pẹ náà ni mo bá a. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò. Kò sí okùn níbẹ̀, kò sí nǹkan kan. Mo jókòó tì í.

Ó fọwọ́ lé ara ọ̀pẹ náà. "Mo wá bẹ̀ ẹ́ ni. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ òkú."

Mo ní jẹ́ ká gbàdúrà. Ẹnu mi ló sọ ọ́, mi ò mọ ìgbà tó jáde. Mo ní "Bàbá wa" — kò lọ mọ́. Orúkọ kan ṣoṣo ló jáde. Ó ní, "Ta ni Adégbóyèga?" Mo sọ fún un. Gbogbo ẹ̀.

Damaris ló di ọwọ́ mi mú. Ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí Adégbóyèga rí ibi sùn níbikíbi tó bá wà, kí èmi má dá ara mi lẹ́bi mọ́. Ó wá rọra sọ pé, "Èmi náà, Olúwa." Ìgbà yẹn ló bú sẹ́kún. A jọ sunkún ni.

Lẹ́yìn náà ó ní ebi ń pa òun. Ó wa iṣu méjì, ó sun ún, a jẹ ẹ́ gbígbóná.

Ọjọ́bọ̀, 14

Ìbéèrè ogún, ẹ̀ẹ̀kejì. Damaris: mẹ́fà!

Ẹgbẹ́ tí a kò gbọdọ̀ gbàdúrà fún nìyí o. Èmi ò kúkú gbà á fún un. Òun ló gbà á fún mi. Ìlà wo ni kí n kọ ìyẹn sí?

Mo lọ bá Ohùn-Jẹ́jẹ́. Ara àwọn mẹ́fà tiwọn náà ti ń balẹ̀. Mo ní irú àdúrà wo ni wọ́n gbà? Wọ́n họ orí. "Ìbídùnní, má bínú. Láti ọ̀sẹ̀ kejì ni mi ò ti rí àyè ṣí Bíbélì. Wọ́n kàn ń sọ̀rọ̀, mo ń gbọ́. Ojú ń tì mí láti dá wọn dúró."

Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín tán. Kí ni mo wá mọ̀ báyìí?

Ọjọ́ Ẹtì, 15

Mo kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ọ̀gá Òṣùwọ̀n.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19

Èsì dé, awakọ̀ Ìlọrin ló mú un wá. Kí n yọ ẹni kẹrin kúrò. Kí pásítọ̀ tún tiwọn ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn ò ní gba ìwé náà. Kí n wá rí wọn ní Ọjọ́bọ̀.

Mo fa ìlà gba orúkọ Damaris kọjá. Mo tún un kọ sábẹ́ rẹ̀.

Mo tún fa ìlà gbà á kọjá. Mo tún un kọ.

Ọjọ́bọ̀, 21

Mo ti di ẹrù. Ọkọ̀ Pijó tó ń lọ Ìlọrin ti ń fọn fèrè níta. Damaris wọlé, òun àti obìnrin àgbà kan, Ṣubúọlá, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Àwọn ló dúró lójú oórì níjọ́sí tí wọ́n ní ẹnu Damaris ló pa àbúrò àwọn. Oṣù méje rèé tí àwọn méjèèjì ò ti bára wọn sọ̀rọ̀.

Damaris ní, "Àǹtí, àwọn náà ò rí oorun sùn. Èmi ni mo ní kí wọ́n jẹ́ ká wá."

Ṣubúọlá ò jókòó. Wọ́n ní, "Ṣé ìbéèrè lo máa bi mí, àbí àdúrà lo máa gbà fún mi?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀, mà."

Wọ́n wo Damaris. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ó dáa," wọ́n jókòó.

Mo ní kí Ìyá Àgbà bá mi sọ fún awakọ̀ kó máa lọ.