Ọkọ̀ Tí Sójà Kì Í Dá Dúró

Àtìní, 6 oṣù Kẹta, 1995

Ó sú mi. Ọjọ́ méjì gbáko lórí ìlà bẹntiróòlù, ìgbà tí mo sì rà á tán, Pijó kú mọ́ mi lọ́wọ́ ní títì Ìkòròdú. Ìwé tí a tẹ̀ fún àwọn ilé ìwé Ìlọrin àti Ọ̀fà ṣì wà nílẹ̀ níbi iṣẹ́ ní Ṣómólú, ó ga kan àjà. Bí kò bá dé ọ̀dọ̀ wọn tán kí wọ́n tó wọlé lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, ẹlòmíì á gba iṣẹ́ yẹn, ilé ìtẹ̀wé mi á sì di ibi tí ewúrẹ́ ń sùn. Òógùn ogún ọdún. Áà.

Ìjọba ní kí n wá ọkọ̀ tó ń jẹ dísù. (Táwà, ìyàwó mi, ni Ìjọba. Ìjọba ológun sì ni. Tó bá ti lanu, òfin dé.) Òótọ́ ló sọ, dísù rọrùn láti rí rà ju bẹntiróòlù lọ. Wágọ̀nù ni mo fẹ́ — ẹlẹ́yìn gígùn, alágbára, tó lè lọ Ìlọrin lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ tí kò ní mí hẹlẹ.

Àlàrùbá, 8

Mo mú Ṣàkírù mẹkáníìkì lọ wo Pijó dísù kan ní Abúlé Òkúta. Kò tilẹ̀ ṣí i wò. Ó fọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká máa lọ." Bọ́nẹ́ẹ̀tì ti gbóná. Ó ní dísù tó bá ti gbó kì í fẹ́ jí láàárọ̀ tí ara rẹ̀ bá tutù, ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀dàlẹ̀ fi máa ń tan án sílẹ̀ kí oníbàárà tó dé. Ọlọ́kọ̀ ń fi ìyá rẹ̀ búra. Mo ní kó fi bọ́nẹ́ẹ̀tì búra.

Jímọ́ọ̀, 10

Òmíràn, ní Àkọ́kà. Èéfín rẹ̀ búlúù, òróró ẹ́ńjìnnì ló ń jó. Kílómítà ní kò tíì rìn rárá, àmọ́ rọ́bà orí bíréèkì ti jẹ títí ó fi ń dán. Ta ni wọ́n rò pé àwọn ń tàn?

Sátidé, 11

Mo ti rí i! Alhamdulillah.

Ní Palmgrove, wágọ̀nù aláwọ̀ ewé, dísù, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Jámánì. A ti débẹ̀ kí oòrùn tó yọ, ara ẹ́ńjìnnì tutù bí omi àmù. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ṣíná fún un, ó dáhùn. Ṣàkírù fi aṣọ funfun bo ẹnu sàlẹ́ńsà, ó wo aṣọ náà síwá sẹ́yìn, èéfín ò sọ ọ́ di dúdú, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bí ìbejì. A gbé e gun orí afárá Third Mainland. Mo tẹ̀ ẹ́ báyìí, ẹ̀yìn mi lẹ̀ mọ́ àga. Ṣàkírù ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ́ńjìnnì yìí ló máa sìnkú ẹni tó bá rà á." Ó fi yìn ín ni o.

Kílómítà tirẹ̀ ni ò parọ́. Ọdún mẹ́rin péré, ó ti rìn ju ọkọ̀ akérò lọ. Mo bi ẹni tó ń tà á pé iṣẹ́ kí ni wọ́n ń fi ṣe. Ó ní iṣẹ́ ìjọba. Mo ní iṣẹ́ ìjọba wo? Ó rẹ́rìn-ín. Gbogbo ohun tí mo bi í, ẹ̀rín ló fi ń dá mi lóhùn, mo bá sọ ọ́ ní Ẹlẹ́rìn-ín. Gíláàsì ẹ̀yìn dúdú. Wọ́n ti yọ àga ẹ̀yìn kúrò, pákó ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀, wọ́n fi rọ́bà bò ó. Ẹlẹ́rìn-ín ní, "Ó dáa fún ẹrù. Ẹrù èyíkéyìí." Owó tó pè kéré tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ní kó tún un pè.

Àtìní, 13

Ó ti di tiwa. Ìwé rẹ̀ pé. Ìjọba yí i po lẹ́ẹ̀mẹta, ó ki orí bọ ẹ̀yìn, ó ní ó ń rùn. Òórùn oògùn tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ ilé ìwòsàn ni. Mo ní wọ́n fọ̀ ọ́ ni, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn fọ ọkọ̀? Ó ní ọjà tó dára kì í pọ́ọ́kú láìnídìí. Ẹ gbọ́ ẹnu Ìjọba!

Mo ti sọ ọ́ lórúkọ. Àyọ̀ká.

Àlàmísì, 16

Àyọ̀ká re Ìlọrin! Ìdajì ìwé Ìlọrin ló kó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò mọ̀ pé òun ru nǹkan kan.

Àmọ́ ohun kan ṣẹlẹ̀. Níbi àyẹ̀wò tó ṣáájú Ìbàdàn, ọkọ̀ tò lọ bẹẹrẹ. Àwọn sójà ń já ẹrù aláìṣẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ní kí bàbá arúgbó kan máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Mo ti ń ka Fátíhà. Ni ọ̀kan nínú wọn bá rí wa lókèèrè, ó sáré yí àgbá kúrò lójú ọ̀nà, ó nà gbọọrọ, ó gbọ́wọ́ sórí kí mi bí wọ́n ṣe ń kí ọ̀gá. Mo wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíì ló ń kí. Kò sẹ́nì kankan. Bákan náà ni lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́. Mo kírun ọ̀sán ní Ìlọrin.

Mo sọ fún Ìjọba pé ojú mi ni wọ́n rí tí wọ́n fi bọ̀wọ̀ fún mi. Ó ní, "Ojú èwo?" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Àtàlátà, 21

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Wọn ò dá mi dúró níbì kankan. Kí n má purọ́ fún ìwé ara mi: ó ti ń dùn mọ́ mi. Mo máa ń gbé ìka méjì sókè dá wọn lóhùn. Lónìí, mo kọjá lára bọ́ọ̀sì tí wọ́n sọ gbogbo èrò inú rẹ̀ kalẹ̀ sínú oòrùn, mi ò sì wẹ̀yìn.

Jímọ́ọ̀, 24

Mo kírun Jímọ́ọ̀ tán, mo lọ gba iṣẹ́ kan ní Àkọ́kà. Bí mo ṣe yà wọ títì báyìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà túká. Obìnrin tó ń din àkàrà fi agbada sílẹ̀ lórí iná, ó sá. Mo rò pé nǹkan kan ló ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Èmi nìkan ni mo wà ní títì.

Sọ́ńdè, 26

Díákónì Ikúmápàyí ti Ìjọ Onítẹ̀bọmi wá gba iṣẹ́ rẹ̀ padà. Ọkọ̀ ló ń wò ní gbogbo ìgbà tó ń bá mi sọ̀rọ̀.

Àtàlátà, 28

Sabina wá.

Ìyàwó Adéjìmí ni. Olùkọ́ ni Adéjìmí, òun ló ti ń ka iṣẹ́ wa wò kí a tó tẹ̀ ẹ́ láti bí ọdún mẹ́wàá. Ní oṣù Kìíní ni wọ́n wá gbé Adéjìmí níwájú ilé rẹ̀ ní Abúlé Òkúta, lójú ọmọ lójú ìyá. Wọ́n ní ó kọ nǹkan sínú ìwé ìròyìn. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wà. Sabina ti dé gbogbo ọgbà ẹ̀wọ̀n tó wà l'Ékòó.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtẹ̀wé, kò wọlé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wágọ̀nù yẹn ni wọ́n fi gbé e. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni ẹ gbé e lọ?"

Ibo ni *ẹ* gbé e lọ. Èmi!

Mo ní mo rà á ni. Mo mú ìwé ọkọ̀ wá. Kò wò ó. Ó kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀ — Sabina tó sọ Ruqoyyah ọmọ mi lórúkọ — ó ń rawọ́, ó ń bẹ̀ mí. Mo pariwo mọ́ ọn pé kó dìde. Ariwo yẹn ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ó dìde wéré bí ẹni tí sójà pa láṣẹ, ó ní "Ẹ má bínú, sà," ó sì lọ.

Ojú ń tì mí. Mi ò pè é ní Àyọ̀ká mọ́.

Àlàrùbá, 29

Mo lọ bá Ẹlẹ́rìn-ín ní Palmgrove. Ilé wà ní títì pa. Mẹ́gáàdì ní ilé náà ti ṣófo láti ọdún tó kọjá.

Àlàmísì, 30

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ pẹ́ńtà ní Bàrígà, pé kó kùn ún ní funfun, kó kọ orúkọ ilé ìtẹ̀wé sí i lára gàdàgbà. Ó ti po ọ̀dà kó tó jáde wá wò ó. Ló bá gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ó ní ọwọ́ ń dun òun. Mo ní ọwọ́ wo? Ó ní méjèèjì.

Jímọ́ọ̀, 31

Ìjọba ní kí n tà á. Ta ló máa rà á? Ó ní kí n gbé e jù sínú igbó. Mo ní ó ku ìrìn kan ṣoṣo kí ìwé Ọ̀fà pé. Tí mo bá dúró báyìí, ilé ìtẹ̀wé kú nìyẹn. Ó wò mí. Ó ní, "Bàbá Ruqoyyah, ẹ ti mọ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́kọ́ kí yín ni ẹ ti mọ̀."

Mo bínú jáde. Òótọ́ ló sọ.

Àtàlátà, 4 oṣù Kẹrin

Ẹnì kan wà nínú ọkọ̀. Ó di ọ̀la.

Àlàrùbá, 5

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Mo já ìwé sí Ọ̀fà láàárọ̀ àná, ó parí, mo ń bọ̀ wálé. Ní ìrọ̀lẹ́, níbi àyẹ̀wò Ìbàdàn, wọ́n dá mi dúró. Ìgbà àkọ́kọ́. Ọ̀gá wọn sáré wá, ó kí mi, ó ní àwọn ti ń retí mi láti ọ̀sán. Kí n tó mọ ohun tí mo máa sọ, ó ti ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n wọ́ ọkùnrin kan jáde nínú àgọ́, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́, àpò ìrẹsì lórí, wọ́n jù ú sórí pákó yẹn. Wọ́n na ìwé sí mi pé kí n buwọ́ lù ú. Mo buwọ́ lù ú. Mo fẹ́ kọ pé ẹ̀rù ló buwọ́ lù ú. Irọ́ ni. Èmi ni. Wọ́n yí àgbá kúrò lọ́nà.

A dé Ṣágámù. Ọkùnrin náà ní, jẹ́jẹ́, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ tọ̀." Mi ò lè dúró. Ẹlòmíì ló yẹ kó wá gbé e, onítọ̀hún sì lè wà lẹ́yìn mi nígbà náà.

Ó fẹ́ẹ̀ tó àkókò ìrun ìṣáì nígbà tí a wọ Bàrígà. Mo gbé ọkọ̀ wọ àgbàlá ilé wa, mo yọ àpò lórí rẹ̀. Ọkùnrin bí ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ètè rẹ̀ wú. Mo ránṣẹ́ pe Ṣàkírù, ó fi ayùn irin gé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Mo ní, "Bọ́ọ̀dá, ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ máa lọ."

Kò sọ̀kalẹ̀.

Ó ní òun mọ eré yẹn. Wọ́n á ní kéèyàn máa lọ, wọ́n á yìnbọn fún un lẹ́yìn, wọ́n á ní ó fẹ́ sá ni. Mo búra fún un. Mo ní atẹ̀wé ni mí, mo na ìka mi sí i kó rí yíǹkì. Ó wò ó, ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ náà máa ń dúdú tó bá gbẹ." Mi ò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Ìjọba gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín wá. Ó ní kí n kọ́kọ́ jẹ níbẹ̀. Mo jẹ. Ó wá jẹ ìyókù, ó sọ orúkọ rẹ̀ fún wa, Fọlọ́runṣọ́, kò sì kúrò níbi tó wà. Ó fi ẹ̀yìn ti irin, ó ń wò wá. Ilẹ̀ mọ́ bá a níbẹ̀. Àwọn ará ilé kejì ti ń pọn omi. Tí ẹnì kan bá yọjú lórí ògiri, ó tán fún gbogbo wa.

Ìjọba ló sọ ọ́. "Ẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́."

Mo ní kọ́kọ́rọ́ kẹ̀?

"Ẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́, kí ẹ̀yin wọ ẹ̀yìn."

Mo na kọ́kọ́rọ́ sí i. Ó pẹ́ kó tó gbà á. Ó sọ̀kalẹ̀, ó bọ́ síwájú, èmi wọ ẹ̀yìn, mo dùbúlẹ̀ sórí rọ́bà yẹn. Ìjọba pa ilẹ̀kùn dé mí. Ó ń sunkún, mi ò rí ẹkún rẹ̀ láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti kú. Fọlọ́runṣọ́ ní tí mo bá gbórí sókè, òun á gbé wa wọ ọ̀sà. Mi ò gbórí sókè.

Ibi tó ń gbé mi lọ, mi ò mọ̀. Èèyàn kì í rí ìta láti ibẹ̀. Mo fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ojú mi sì bọ́ sí ìsàlẹ̀ ara ọkọ̀, ibi tí pákó ti pàdé irin, ibi tí ẹni tó bá dúró tàbí tó jókòó ò lè rí. Wọ́n ti fi nǹkan họ ọ́, èékánná ni àbí bọ́tìnì. Orúkọ ni. Òmíràn ò parí. Mo fi ojú atẹ̀wé kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mọ́kànlá. Lábẹ́ ìkeje, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ó gùn díẹ̀ ju orúkọ lọ.

Ọkọ̀ dúró. Fọlọ́runṣọ́ ṣí ẹ̀yìn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ̀kalẹ̀." Ẹ̀gbọ́n ló pè mí. Èmi ni mi ò wá fẹ́ sọ̀kalẹ̀ mọ́. Mi ò tíì há orúkọ wọn sórí tán. Mo ní kó fún mi ní ìṣẹ́jú kan sí i, ó sì dúró. Ìgbà tí mo bọ́ sílẹ̀, ẹ̀bá títì Ìkòròdú la wà. Ó na kọ́kọ́rọ́ sí mi. Mo ní kó máa gbé e lọ, dísù tó wà nínú rẹ̀ á gbé e dé ẹnu ibodè, kò sì sí sójà tó máa dá a dúró. Ó lọ. Alágbára ni ọkọ̀ yẹn lóòótọ́.

Mo fẹsẹ̀ rìn wálé. Ọkọ̀ ò sí mọ́, ìwé tí mo buwọ́ lù sì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n á wá. Ọ̀la ni o, ọ̀túnla ni o, Ọlọ́run ló mọ̀. Mo ti kọ orúkọ mọ́kọ̀ọ̀kànlá sí ojú ewé tó kàn kí n má baà gbàgbé ọ̀kankan.

Ìkeje ni Adéjìmí. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ ni, mo lè dá a mọ̀ láàárín ẹgbẹ̀rún. Ohun tó kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé: *Sabina, má dúró dè mí.*

Sabina bi mí pé ibo ni a gbé e lọ. Mi ò mọ ibẹ̀ síbẹ̀. Ìyẹn nìkan ni mo rí gbà fún un. Ìjọba ti wé gèlè, ó ní òun ń bá mi lọ sí Abúlé Òkúta. A máa kan ilẹ̀kùn rẹ̀ kó tó jáde lọ sọ́jà.