Alhaja Àwáwù Ládòkun àti Ìràwọ̀ Alábàárìn

Ní agboolé Àpọ́nlé, Ogbooro, ni a ti bí ìyá wa ní ọdún 1934. Jímọ̀ Àpọ́nlé, àgbẹ̀ oníṣu, ni bàbá wọn. Abíọ́nà, ọmọ Ìgbòho, ni ìyá wọn. Nítorí pé ìbéèrè wọn kì í tán, bàbá wọn fi wọ́n sí ilé-ìwé kí àwọn tíṣà lè bá òun dáhùn díẹ̀ níbẹ̀.

Ní 1956, wọ́n fẹ́ Alhaji Mọ́nsúrù Ládòkun, ahunṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn; Àdìjátù ni àkọ́bí wọn. Iṣẹ́ tíṣà ni Màmá ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì.

Ní 1974, wọ́n lọ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni olùkọ́ kan ti fi ìràwọ̀ kan hàn wọ́n, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ọsàn tó pọ́n. Ó ní ìràwọ̀ náà ti dàgbà, ó ti wú, ó tóbi ju oòrùn wa lọ fíìfíì. Ó tún ní àwọn onímọ̀ ń fura pé kò dá wà: bí ó ṣe ń mì díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà rẹ̀, ó jọ pé òmíràn wà nítòsí tó ń fà á, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tíì rí i. Nígbà tí Màmá délé, wọn ò sọ ìròyìn mìíràn.

Bàbá wa bá wọn ra awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn. Lẹ́yìn ìrun Màgàríbì, Màmá a máa kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin gun àpáta ẹ̀yìn ilé-ìwé. Ìràwọ̀ kan ṣoṣo náà ni wọ́n ń rí.

Ní 1978, àwọn òbí kan fẹjọ́ sùn pé kò yẹ kí ọmọbìnrin máa wà lórí àpáta lásìkò bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé fẹ́ fòpin sí i. Alfa Ràmọ́nì, lemọ́mù àdúgbò wa, ní òun yóò kọ́kọ́ fojú ara òun rí i. Wọ́n bá Màmá gun àpáta, wọ́n wo ìràwọ̀ náà.

“Ìyá Àdìjátù, èkejì rẹ̀ dà?”

“A ò tíì rí i, Alfa. Ó lè má sí rárá.”

Alfa bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n wá fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

“Kí wọ́n lè mọ bí èèyàn ṣe ń sọ pé òun ò mọ̀, kó sì tún máa wá a.”

Alfa tún fojú sí awò náà, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì, Alfa sọ fún ìjọ pé Ọlọ́run tó ní ká wo sánmà kò yọ ọmọbìnrin sílẹ̀. Kí àwọn ìyá máa bá wọn lọ. Àwọn ìyá lọ lóòótọ́. Àwọn mìíràn kì í jẹ́ kí awò náà kan ọmọ.

Ní 1982, Màmá ṣe Hájì. Wọ́n sì jẹ́ olórí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àdúrà mọ́ṣáláṣí wa, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn arúgbó ní ìwé kíkà.

Nígbà tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀ lọ́dún 1987, Àdìjátù, tó kẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì ní yunifásítì, ti Ìbàdàn dé. Màmá bi í bóyá wọ́n ti rí èkejì ìràwọ̀ náà. Àdìjátù sọ fún wa pé ó wu òun kí òun sọ pé wọ́n ti rí i, kí inú Màmá lè dùn. Kò lè ṣe é.

“Wọn ò tíì mọ̀, Màmá.”

Màmá rẹ́rìn-ín. “Ó dáa. Iṣẹ́ ṣì kù fún yín.”

Ọ̀sẹ̀ náà kò tán tí ọlọ́jọ́ fi dé.

Wọ́n fi Bàbá wa, ọmọ mẹ́rin àti ọ̀pọ̀ ọmọ-ọmọ sílẹ̀. Àwáwù, ọmọ Àpọ́nlé, kí Ọlọ́run forí àṣìṣe jì yín, kí ilẹ̀ rọ̀ yín lábẹ́. Ẹ sùn ire o.