Àmì Yìnyín Inú Jíìpù Yín

Bàbá mi,

Inú ń bí mi sí yín. Ó ti tó oṣù kan tí mo ti fẹ́ sọ ọ́, ojú ń tì mí, torí ta ní í bínú sí òkú? Mo ń bínú sí ara mi náà, bóyá ìyẹn gan-an ló pọ̀ jù.

Ẹ rántí bọ́tìnnì roboto tó wà lẹ́yìn jíà jíìpù yín. Ibi tí wọ́n kọ S sí lẹ yí i sí láti ọjọ́ tí ẹ ti rà á, torí níbẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ti ń bú bíi ti lọ́rì tí ẹ fi jẹun láyé ọjọ́un. Èyí tó ní àmì yìnyín, ẹ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ ní kí ni yìnyín ń wá ní Karmo, ní Àbújá níbí. Èmi náà bá yín rẹ́rìn-ín. Ìwé tó bá ọkọ̀ náà wá ò kúrò nínú ọ̀rá, ẹ ní awakọ̀ gidi kì í kàwé kó tó wakọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ tí èémí ò já geere fún yín mọ́, tí mo ń gbé yín lọ sí ọsibítù ní Gwagwalada, òjò ti sọ ọ̀nà di ẹrẹ̀ pupa. A rì. Ẹ fi ìwọ̀nba èémí tó kù ní kí n tẹ iná mọ́ ọkọ̀, kí n má ṣojo. Mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ́ńjìnnì ń bú, táyà ń yí lójú kan, ó ń gbẹ́ ihò fún ara rẹ̀. Ẹ tún ní kí n tẹ̀ ẹ́. Kí àwọn èèyàn tó tì wá jáde, ọwọ́ yín ti tutù.

Oṣù tó kọjá ni Bọ́sẹ̀ àbúrò mi já ọ̀rá ìwé náà, ó kà á sí mi létí. Àmì yìnyín yẹn, gbogbo ilẹ̀ tó bá ń yọ̀ ló wà fún. Tí a bá yí i síbẹ̀, jíà kejì lọkọ̀ fi ń gbéra, wọ́ọ́rọ́, kí táyà lè di ilẹ̀ mú. S ní tiẹ̀, á jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sáré gan-an kó tó pààrọ̀ jíà.

Kí ló dé tí ẹ ò kà á? Kí ló dé tí èmi tí ẹ rán lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì ò kà á? Ká tiẹ̀ ní a tètè dé, bóyá ẹ ì bá ṣì lọ. Mi ò mọ̀.

Àná, òjò tún rọ̀, mo tún rì síbẹ̀. Mo yí i sí àmì yìnyín, mo fẹsẹ̀ tẹ iná jẹ́jẹ́. Ó jáde, Bàbá. Kò pẹ́ tó ìgbà tí èèyàn fi ń gbé omi mì. Mo sọ̀kalẹ̀, mo ń gbá táyà nípàá títí bàtà mi fi já.

Èmi ni, ọmọ yín tó gbọ́ràn sí yín lẹ́nu jù, tí ò sì lè yé fẹ́ràn yín.