Mílíìkì fún Ọmọ Bùsírátù

Ẹ̀gbọ́n mi Sàlàhúdíìnì, ẹ kú ìlú òtútù. Ẹ bá mi kí ìyàwó yín. Àdìrẹ ṣì ń tà díẹ̀díẹ̀ n'Ítòkú.

Ẹ̀gbọ́n, ọmọ tí Bùsírátù àbúrò wa bí kò gbádùn. Ìnira ló fi wáyé. Ẹ̀yìn rẹ̀ le koko, ó ń bì, ó sì ń gbẹ. Dókítà ní ọ̀rá abẹ́ awọ rẹ̀ ló kú, kálísíọ̀mù wá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́.

Ó ní, "Ẹ má fún un ní fítámì mọ́, ẹ má gbé e sóòrùn; àwọn ló ń fi kún kálísíọ̀mù náà."

Màmá, tó ti ń gbé e sóòrùn láràárọ̀ kí ara rẹ̀ lè le, bú sẹ́kún.

Wọ́n ń fa omi sí i lára. Mílíìkì tí kálísíọ̀mù rẹ̀ kéré ni dókítà ń bèèrè, a ò rí i títí dé Èkó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi rán ẹni tó bá ń bọ̀ wálé. Ọlọ́run ò ní fi ọmọ dán yín wò. Ẹ má jókòó kọ èsì. Mílíìkì náà ni kẹ́ ẹ fi dá wa lóhùn.

Àbúrò yín,
Asiata