Ọjọ́ Tí Tóbi Di Bàbá Ilé

Ìbàfò,
Ọjọ́ Ẹtì, nínú oṣù kẹjọ.

Ìyá Sódìq, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Ara rẹ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ti fúyẹ́ díẹ̀? Bàbá Sódìq ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Mo bẹ Ọlọ́run pé kí lẹ́tà mi bá gbogbo yín nínú àlàáfíà, kí ó má sì bá yín nínú òkùnkùn àìsí iná bí ó ṣe sábà máa ń bá àwa níbí. Láti ìgbà tí ẹ ti kó lọ sí Ìlọrin, àwọn tó gba yàrá yín kò mọ èèyàn kí rárá, ká má tiẹ̀ sọ pé wọ́n á yá èèyàn ní iyọ̀. Ara wa le níbí. Orí mi nìkan ló dàrú.

Má bínú pé mi ò pè ọ́ lórí fóònù. Àwọn tí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kàn ló wà nínú ilé yìí, o sì mọ ògiri wa: ẹni tó bá sín ní pálọ̀, ẹni tó wà ní ilé ìdáná ló máa kí i pẹ̀lẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó sẹ́yìn ilé, tí mo gbé ìwé lé itan bí ọmọ iléèwé. Aládùúgbò wa kan ń lọ sí Ìlọrin lọ́la, òun ni màá fi rán.

Iléèwé àwọn ọmọ ti gba ọlidé, a kò sì rán wọn lọ síbì kankan lọ́dún yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ariwo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi jáde nílé. Dárasími, tó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, ní òun ti dàgbà ju ẹni tó ń bá Tóbi ṣeré lọ. Tóbi, ọmọ ọdún mẹ́fà, ní àfi kí ẹnì kan ṣáà bá òun ṣeré. Mo wá dá ọgbọ́n. A gbin tẹ̀tẹ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti fọ́. A ta lúdò títí wọ́n fi fẹ̀sùn kàn mí pé mò ń ṣe màgòmágó, òótọ́ sì ni. A dín pọ́fù-pọ́fù tó le bí òkúta, síbẹ̀ wọn ò ṣẹ́ ẹyọ kan kù. Mi ò purọ́ fún ọ, èmi gan-an ń gbádùn ọlidé náà.

Nígbà tí bàbá wọn gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ní Èkó, Dárasími mú àbá wá pé kí a pààrọ̀ ipò nílé fún ọjọ́ kan. Àwọn á di òbí, àwa á di ọmọ. Òun á jẹ́ ìyá, Tóbi á jẹ́ bàbá ilé. Lásúnkànmí ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó gbà, ó tún fi òfin kún un pé ẹni tó bá gbàgbé ipò rẹ̀ ló máa fọ gbogbo abọ́ ọjọ́ náà. O mọ ọkọ mi, kì í fi eré ṣeré.

Kí n tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, jẹ́ kí n sọ èyí tí o ò mọ̀, torí ẹ ti kó lọ nígbà tó gbóná. O rántí pé kò tíì pé oṣù kan tí bàbá ọkọ mi kú tí mo fi bí Tóbi. Láti ọjọ́ ìkómọ ni Màmá Ìfọ̀, ìyá ọkọ mi, ti sọ pé ọkọ àwọn ló padà wá. Wọn kì í pe ọmọ náà lórúkọ. “Bàbá” ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì máa ń kúnlẹ̀ kí i. Lójú tèmi, kò sí ohun tó burú ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọkọ mi ti ń lọ sí ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì ní Kámpù, ó ti pinnu lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun ò fẹ́ ẹ mọ́. Lọ́jọ́ kan ó la ẹnu, ó ní, “Màmá, Olúwatóbilọ́ba lorúkọ ọmọ mi. Bàbá mi ti kú. Ẹ yéé kúnlẹ̀ fún ọmọdé.” Màmá gbé gèlè wọn, wọ́n ní, “Ọjọ́ tí o bá gba bàbá rẹ sílé ni wàá tún rí mi nílé rẹ.”

Ọdún kejì rèé. Màmá kò fẹsẹ̀ tẹ ilé wa, ọkọ mi kò sì kó àwọn ọmọ lọ sí Ìfọ̀. Mo bẹ èyí, mo bẹ tọ̀hún, títí ẹnu mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Màmá ti ń dàgbà, Ìyá Sódìq. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé kí ọlọ́jọ́ má lọ dé kí ìyá àti ọmọ tó bára wọn sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la ṣe eré náà. Tóbi wọ agbádá bàbá rẹ̀, ó ń wọ́ ọ nílẹ̀ kiri, ó ń béèrè ta ló tan fáànù sílẹ̀ nínú yàrá tí kò séèyàn. Dárasími rán mi lọ pọn omi, ó ní mò ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ọkọ mi pẹ́ kó tó jí, ó jáde tòun ti ṣòkòtò péńpé, bàbá ilé sì pàṣẹ pé kí ó wá kí òun dáadáa. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ní, “Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí, Bàbá.” Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìgbà tí màá gbójú sókè, Màmá Ìfọ̀ ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú ìrẹsì ọ̀fadà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ wọn.

Mi ò mọ̀ bóyá kí n kúnlẹ̀ ni àbí kí n sá. Màmá wo ọmọ wọn tó dọ̀bálẹ̀, wọ́n wo Tóbi nínú agbádá. Wọ́n kúnlẹ̀ síbi tí wọ́n wà, wọ́n bú sẹ́kún, wọ́n ní, “Lásúnkànmí, o ti gba bàbá rẹ sílé! Ọlọ́run, mo dúpẹ́ o.” Ọkọ mi wò mí láti ilẹ̀, èmi náà wò ó. Kò sẹ́ni tó lè la ẹnu sọ pé eré ni. Tóbi ní tirẹ̀ ò fẹ́ fọ abọ́, ló bá na ọwọ́ sí ìyá bàbá rẹ̀, ó ní, “Dìde. Ṣé o ti jẹun?” Dárasími fọwọ́ bo ẹnu. Ẹkún Màmá sì tún le sí i.

Bí a ṣe wọ yàrá ni ọkọ mi di ọwọ́ mi mú. Ó ní, “Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí Màmá mọ̀ pé eré ni. Tí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á lọ, wọn ò ní padà wá mọ́ láéláé.” Láti ìgbà náà ló ti ń pe ọmọ rẹ̀ ní Bàbá, tó ń gbé e jáde lẹ́nu bí ẹni tó ń gbé oògùn kíkorò mì. Màmá ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń kọ́ Dárasími bí wọ́n ṣe ń ṣa òkúta kúrò nínú ọ̀fadà. Mo ní, ó dára, ẹ jẹ́ ká máa lọ bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ lánàá, èmi àti Màmá jókòó sẹ́yìn ilé, a ń já tẹ̀tẹ̀. Wọ́n kàn dédé sọ pé, “Ìyàwó mi, mo mọ̀ pé eré lẹ̀ ń ṣe.” Mo yíjú sí wọn. Wọ́n ní, “Mo ti pẹ́ lẹ́yìn géètì yín. Ojú Bàbá lásán ni mo wá wò, kí n sì padà. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀rín yín. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ọ̀nà tí màá gbà wọlé yìí, n ò rí. Ìgbà tí mo rí i pé ilẹ̀kùn ṣí, mo wọlé. Má sọ fún ọkọ rẹ o. Ojú á tì í, ojú á sì ti èmi náà.” Mo bi wọ́n pé ẹkún yẹn wá ńkọ́? Wọ́n ní ẹkún yẹn kì í ṣe eré.

Wàyí o, ìwọ ni kí o gbà mí nímọ̀ràn, torí ọgbọ́n tèmi ti tán. Ọkọ mi rò pé òun ń tan ìyá òun. Ìyá rẹ̀ ń ṣe bí ẹni tí wọ́n tàn. Èmi tí mo mọ tọ̀tún-tòsì, mi ò lè wo ojú ẹnikẹ́ni nídìí oúnjẹ. Tí mo bá sọ̀rọ̀, mo lè tú ilé ká. Tí mo bá dákẹ́, mi ò mọ irú àlàáfíà tí èyí jẹ́. Ẹni tó ń ṣe mí láàánú jù ni Tóbi. Ó bi mí ní àárọ̀ yìí pé, “Mọ́mì, gèémù yẹn ò tíì finish ni? Àbí èmi ni mo bí Dádì?” Mo ní kó lọ fọ ẹnu. Kí ni ǹ bá sọ fún un? Ọ̀la ni Màmá ń padà lọ, àyà mi sì ń já pé nǹkan lè bẹ́ kí wọ́n tó jáde.

Fi mí sínú àdúrà. Kí Ọlọ́run fún ẹsẹ̀ rẹ lókun débi tí wàá fi rìn wá kí wa. Kí ó dá àwọn ọmọ wa sí, kí ó má jẹ́ kí ìjà gba ilé mọ́ wa lọ́wọ́. Bá mi kí Bàbá Sódìq, kí o sì bá mi fa etí Sódìq torí kò pè mí nígbà ọdún.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò mọ èwo ni ṣíṣe,
Ìyá Dárasími.

Àfikún: Mo ti lẹ ẹnu lẹ́tà yìí pa kí n tó tún já a. Àárọ̀ Sátidé la wà yìí. Màmá ti wọ bàtà, ọkọ mi sì ti gbé àpò wọn dé ìdí géètì. Wọ́n dì mọ́ ọmọ náà, wọ́n wo ojú ọkọ mi, wọ́n ní, “Olúwatóbilọ́ba, ó dìgbà o.” Láti ọjọ́ tí mo ti bí i, ẹnu wọn ò pe orúkọ yẹn rí. Tóbi la ẹnu sílẹ̀, ó ń wò wọ́n. Ọkọ mi gbé àpò náà, ó yí padà sínú ilé, ó ní, “Màmá, Bàbá ò tíì ní kí ẹ máa lọ.”